Kì Í Ṣe Ìyàwó Paul Newman Nìkan

  Olóòtú wa ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa kọ nǹkan nípa ìlú tí ó ń gbé, kí àwọn ará yòókù lè mọ̀ bí ibẹ̀ ti rí. Marietta ni èmi ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ìtòsí Atlanta. Bí ẹ bá bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará ìlú yìí, ó ṣeé ṣe kí ó fi Adìẹ Ńlá júwe fún yín, ìyẹn ilé oúnjẹ kan tí wọ́n kọ́ ère adìẹ gàgàrà mọ́ lára láti 1963, tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 56. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ adìẹ. Obìnrin kan tí ó dàgbà ní ìlú yìí ni mo fẹ́ ròyìn, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń jiyàn lé lórí nígbàkúùgbà tí a bá péjọ.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí tọkọtaya bá jọ wà ní òkè òkun, tí owó tí ó wà nílẹ̀ kò tó kí àwọn méjèèjì kàwé lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni kí ó ti ìwé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ná? Bí a bá ti dá a sílẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dìde sọ pé obìnrin ni, nítorí pé ọkọ ni olórí aya, àti pé bí ọ̀nà ọkọ bá là, ti aya náà ti là. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á bínú, a ó pín ìrẹsì jẹ, a ó sì tú ká. N kò sọ pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí yóò parí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe òtòṣì, kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí, ọkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí a gbọ́ ọ.

Joanne Woodward ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, ọdún 1930, ní Thomasville, ní ìhà gúúsù Georgia. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn sinimá débi pé Joan Crawford, gbajúmọ̀ òṣèré ìgbà náà, ni ó wò tí ó fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ; ojú sinimá ni ìyá Joanne wò ní tirẹ̀. Ọmọ náà ṣì kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Marietta, níhìn-ín ni ó sì ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ títí tí ó fi wọ Marietta High School. Ilé sinimá kan wà ní àárín ìlú wa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Strand. 1935 ni wọ́n ṣí i. Ó ti wà ní títì pa fún ọ̀pọ̀ ọdún rí, kí wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2009. Bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń rò ó pé irú ilé báyìí ni ọmọdé ti ń kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn lè di ẹlòmíràn fún wákàtí méjì, kí ó sì tún padà di ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, 1939, wọ́n fi fíìmù Gone with the Wind han aráyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Atlanta, ní ilé sinimá Loew's Grand. Èrò pọ̀ bí omi. Joanne jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì wà láàárín àwọn tí ó lọ wo àwọn òṣèré tí ń kọjá. Ìtàn tí a ń gbọ́ ni pé ó fò wọ inú mọ́tò tí ó gbé Laurence Olivier, ó sì lọ jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ní 1977, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì, òun àti Olivier kan náà ni wọ́n jọ ṣe ọkọ àti aya nínú eré Come Back, Little Sheba lórí tẹlifíṣàn.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ sọ ọ́ kí a gbàgbé apá kejì. Hattie McDaniel, obìnrin dúdú tí ó ṣe Mammy nínú fíìmù yẹn, kò sí ní Atlanta lọ́jọ́ náà, nítorí pé òfin ìyàsọ́tọ̀ tí ó wà ní Georgia nígbà náà kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jókòó ní ilé sinimá. Ní oṣù kejì ọdún 1940, òun ni ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar. Ọmọdé funfun láti Marietta lè fò wọ mọ́tò gbajúmọ̀; àgbà òṣèré dúdú kò lè wọ ilé tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han ènìyàn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí mo ń ròyìn rẹ̀ rí ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún un, tí kò ṣí fún àwọn mìíràn. Bí irú rẹ̀ bá san owó ìyà tí mo fẹ́ sọ yìí, mélòó ni ti àwa?

Nígbà tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, ó kúrò ní Marietta lọ sí Greenville ní South Carolina, níbi tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ní 1947. Ó wọ yunifásítì Louisiana láti kọ́ nípa eré orí ìtàgé, ṣùgbọ́n kò gba oyè. Ó gba New York lọ, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sanford Meisner, olùkọ́ eré tí òkìkí rẹ̀ kàn, ní ilé ẹ̀kọ́ Neighborhood Playhouse. Ní 1953 ó rí iṣẹ́ nínú eré Picnic ní Broadway. Iṣẹ́ adúró-dè-é ni: kí ènìyàn kọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sórí, kí ó sì máa dúró bóyá ara onítọ̀hún kò ní yá lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin kan wà nínú eré náà tí ń jẹ́ Paul Newman. Newman ti ní ìyàwó àti ọmọ nílé nígbà náà. Ìgbéyàwó yẹn tú ká kí òun àti Joanne tó ṣe tiwọn ní Las Vegas ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní, 1958.

Kí ìgbéyàwó náà tó wáyé ni Joanne ti ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni àmúyangàn. Fíìmù náà ni The Three Faces of Eve, tí ó jáde ní 1957, tí Nunnally Johnson darí rẹ̀, ọmọ Georgia bíi tirẹ̀, láti ìlú Columbus. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ènìyàn mẹ́ta ń gbé inú ara rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ onítìjú, ọ̀kan jẹ́ aláfẹ́, ẹ̀kẹta jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ìtàn òótọ́ ni. Ní 1977 ni ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí, Chris Sizemore, kọ ìwé nípa rẹ̀. Bí ẹ bá wo fíìmù yìí, ẹ wo ọwọ́ Joanne àti ọrùn rẹ̀. Kò pààrọ̀ aṣọ, kò kun àtíkè, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé orí sókè, ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ. Àwa tí a ń sọ èdè kan ní kíláàsì, tí a ń sọ èkejì lórí fóònù pẹ̀lú ìyá wa, tí a tún ń fi ohùn kẹta dáhùn níbi iṣẹ́, iṣẹ́ náà yé wa ju bí ó ti yé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, 1958, wọ́n pè é jáde láti gba Oscar. Aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó wọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí kò dùn mọ́ Joan Crawford nínú rárá. Ó ní ó ń fa iyì Hollywood sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n wò sọ ọmọ lórúkọ wá di ẹni tí ń bá ọmọ wí pé ó ṣe bí aránṣọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Oṣù méjì péré lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Joanne gba Oscar. Ọkọ rẹ̀ gba ti iyì ní 1986, ó sì di 1987 kí ó tó gba ti òṣèré tí ó ta yọ, fún fíìmù The Color of Money. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ yọrí ni kí ẹnìkejì dúró dè, Newman ni ì bá jókòó ti ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin mẹ́ta, ní 1959, 1961 àti 1965, àwọn ọmọ mẹ́ta tí Newman ti bí tẹ́lẹ̀ náà sì wà. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni Newman ṣe The Hustler, Hud, Cool Hand Luke àti Butch Cassidy and the Sundance Kid, tí orúkọ rẹ̀ fi kárí ayé. Joanne ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, bí àyè bá ti yọ. Kò fi pa mọ́ fún àwọn oníwèé ìròyìn nígbà tí ó yá pé ọmọ títọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ iṣẹ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni, òótọ́ sì ni méjèèjì.

N kò ní ba Newman jẹ́. Ní 1968, ìwé kan tí Margaret Laurence, ará Kánádà, kọ wu Joanne láti fi ṣe fíìmù, ọkọ rẹ̀ ni ó sì di olùdarí rẹ̀. Rachel, Rachel ni wọ́n pe fíìmù náà, nípa olùkọ́ kan ní ìlú kékeré tí ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, tí ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí ayé fẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n tún dárúkọ Joanne fún Oscar nítorí rẹ̀, bí wọ́n ti tún ṣe fún un ní ẹ̀ẹ̀mejì mìíràn lẹ́yìn náà. Newman tún darí rẹ̀ nínú àwọn fíìmù mìíràn, ọ̀kan nínú wọn ni ó sì fi gba ẹ̀bùn ní Cannes ní 1973. Ọkọ tí ó mọ iyì iṣẹ́ aya rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá ní ìgboro pé ta ni Joanne Woodward, ẹ ó gbọ́ ohun tí mẹ́jọ nínú wọn yóò sọ: ìyàwó Paul Newman.

Nílé náà ńkọ́? Olóògbé Hubert Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin tí ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa dàrú. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí pátákó, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń tọ́jú agbo. Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀ ni ó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, eré tí wọ́n gbé lọ sí Berlin ní 1964. Ìyàwó Dúró Ládípọ̀ ni wọ́n, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ṣàngó wo ni ó lè dá eré yẹn ṣe láìsí Ọya?

Ní 1978, Joanne gba ẹ̀bùn Emmy fún eré tẹlifíṣàn kan tí ń jẹ́ See How She Runs, nípa olùkọ́ ẹni ogójì ọdún kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tí ó sì lọ sá eré ọ̀nà jíjìn ní Boston. Ọmọ rẹ̀ gan-an ni ó ṣe ọmọ rẹ̀ nínú eré náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú mi lórí jù ni ti 1990. Lọ́dún yẹn, ó pé ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì gba oyè B.A. tí kò gbà nígbà èwe rẹ̀, ní Sarah Lawrence College, lọ́dún kan náà pẹ̀lú àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àti ọmọ jọ jáde. Ẹni tí ó ti ní Oscar ní ilé fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tún lọ jókòó ní kíláàsì.

Ìyá mi ni mo rántí nígbà tí mo ka èyí. Olùkọ́ Grade Two ni wọ́n. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ lọ gba oyè ní yunifásítì, owó oṣù ìyá mi àti owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó gbé wọn lọ tí ó gbé wọn bọ̀. Wọ́n ní bí bàbá bá ti parí, yóò kan ìyá. Ọmọ dé, ilé kíkọ́ dé, ìyá àgbà ṣàìsàn. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kí wọ́n tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti pé ẹni tí wọ́n kọ́ ní pírámárì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní kíláàsì, tí ó ń pè wọ́n ní "tíṣà wa." Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, ènìyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ náà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ owó oṣù ìyá mi. Ìyá mi ni ó se ìrẹsì ọjọ́ náà.

Mo sọ ìtàn Joanne fún ẹ̀gbọ́n kan níhìn-ín, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà tí ọkọ wọn ń kàwé Ọ̀mọ̀wé. Ọkọ ti parí. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ òru. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ìyàwó Paul Newman lówó. Ẹni tí ó ní ọmọ-ọ̀dọ̀ lè kàwé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ta ni yóò san owó ilé mi?" Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, n kò sì ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi já a. Ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ẹni tí ó lówó, tí ó lókìkí, tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, bá ṣì dúró títí di ẹni ọgọ́ta ọdún kí àyè tó yọ fún un, a jẹ́ pé "dúró ná" tí a ń sọ fún àwọn obìnrin wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí a bá ti sọ ọ́ láìdá ọjọ́, "máa lọ" ni a sọ.

Ohun kan tún wà. Ní 1985, Joanne gba Emmy kejì fún Do You Remember Love, nínú èyí tí ó ṣe olùkọ́ yunifásítì tí àrùn Alzheimer ń pa ìrántí rẹ̀ rẹ́. Ní 2007, àwọn dókítà sọ pé àrùn yẹn gan-an ni ó wà lára òun fúnra rẹ̀. Newman kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Nígbà tí Ethan Hawke ṣe fíìmù alápá mẹ́fà nípa àwọn méjèèjì ní 2022, ẹnu àwọn ọmọ àti ọ̀rẹ́ ni a ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí Joanne ṣe, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ni yóò máa rántí rẹ̀. Àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀ ni kí ó máa sọ ọ́, kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì wà láti gbọ́.

Èmi náà kò ta kété sí ọ̀rọ̀ yìí. Àfẹ́sọ́nà mi ń kàwé Ọ̀mọ̀wé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ènìyàn dáadáa ni. Ó ti bi mí bóyá mo lè dá ìwé tèmi dúró lẹ́yìn ọdún yìí, kí n wá bá òun, kí a jọ máa gbé, kí n sì padà sí i bí nǹkan bá rọ̀. N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mo fẹ́ parí ti Master yìí ná, ọdún kan àbọ̀ ni ó kù. Lẹ́yìn náà mo lè dúró dè é. Ọdún mélòó ni, kí ó dá a. Ìgbà wo ni yóò kan èmi, kí ó sọ ọ́, kí àwọn òbí wa méjèèjì sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìdána, níwájú alága ìjókòó àti alága ìdúró. Ó ní òun ti gbọ́, òun ń rò ó. Èmi náà ń rò ó.

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ wa, n kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀tá. Ẹ̀yin obìnrin, n kò ní kí ẹ má ran ọkọ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nígbà tí a bá tún péjọ, kí a má kàn béèrè ẹni tí yóò dúró nìkan. Kí a béèrè pẹ̀lú pé: títí di ìgbà wo, kí ni yóò ná an, ta ni yóò sì jẹ́rìí sí i? Bí ẹ bá wá sí Marietta, mo lè mú yín dé iwájú Strand. Lọ́nà, ẹ ó rí Adìẹ Ńlá ní ọ̀fẹ́.

Ire o. Kí Olódùmarè jẹ́ kí a parí ohun tí a wá ṣe, tọkùnrin tobìnrin, kí a sì délé bá wọn láyọ̀.